Ohun Tí Ó Ń Gbé Ẹgbẹ́ Ọ̀rọ̀-Sísọ Inú Ilé-Iṣẹ́ Dé Ọjọ́ Àjọ̀dún

Bí ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀-sísọ kan nínú ilé-iṣẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, bá ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, àwọn àlejò tí wọ́n wá bá wọn yọ̀ máa ń rí ìwé-ẹ̀rí lára ògiri, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá àgbà, wọ́n á sì gbọ́ àwọn olùsọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ohun tí ó gbé ẹgbẹ́ náà dé ọjọ́ yẹn kì í hàn sí wọn bẹ́ẹ̀. Ìpàdé bíi wákàtí kan ni, tí a ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, níbi tí olúkúlùkù ti ní iṣẹ́ kékeré kan tí yóò ṣe, tí iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e. Yíyí tí iṣẹ́ ń yí báyìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ètò náà, ẹgbẹ́ tí ó bá sì jẹ́ kí ó dúró kì í pẹ́ kí ó tó túká.

Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ àjọ Toastmasters International. Ralph C. Smedley, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígbàgbọ́, ní Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Ọdún 1905 ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ ní ìlú Bloomington, ní ìpínlẹ̀ Illinois, kí wọ́n lè máa fi ọ̀rọ̀-sísọ kọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn kò tọ́jọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Èyí tí ó fìdí múlẹ̀ ni ti ìlú Santa Ana, ní California, tí ó ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1924. Àjọ náà gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1932, ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ní ọdún 1973, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2024. Ìtàn ọdún 1905 yẹn yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí ohun kan náà ni ó ṣì ń pa ẹgbẹ́ lónìí: ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí, nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ tuntun tó gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, ó gbọ́dọ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ 20. Ọjọ́ tí a fún un ní ìwé-àṣẹ ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òṣìṣẹ́ òun nìkan ni yóò máa wá, ó sì lè jẹ́ kí ará ìta dara pọ̀. Olóyè méje ni ó ń darí ẹgbẹ́ náà: ààrẹ, igbákejì mẹ́ta tí wọ́n ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun àti ìpolongo, akọ̀wé, akápò, àti ẹni tí ó ń bójú tó gbọ̀ngàn. Nínú àwọn méje yìí, iṣẹ́ igbákejì ààrẹ fún ètò ẹ̀kọ́ ni ó wúwo jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ààrẹ ni àwọn ènìyàn mọ̀. Òun ni ó ń ṣètò ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, tí ó sì ń wá arọ́pò nígbà tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá dá ẹnì kan dúró.

Nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, alága ọjọ́ náà ni ó ń pe àwọn ènìyàn síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú, ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí 7. Aṣọ́-àkókò jókòó sí ibi tí olùsọ̀rọ̀ ti lè rí i. Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé, yóò tan iná àwọ̀ ewé, yóò tan ti àwọ̀ ìyeyè ní ìṣẹ́jú 6, iná pupa yóò sì tàn bí ìṣẹ́jú 7 bá pé. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ààyè tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó bá sì kọjá rẹ̀ nínú ìdíje ti jáde nínú ìdíje. Nínú ilé-iṣẹ́, iná yìí ń ṣe ohun tí ẹnu òṣìṣẹ́ kankan kò lè ṣe. Ọ̀gá tí ó máa ń fi wákàtí kan sọ ohun tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ rí i pé iná pupa ń tàn fún òun gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tàn fún akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tí ó sì tan iná náà lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lóṣù tí ó kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè àìròtẹ́lẹ̀ máa ń wáyé: a ó pe ẹni tí kò mú ọ̀rọ̀ kankan bọ̀, a ó bi í ní ìbéèrè, yóò sì dáhùn ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹnì kan ń ṣọ́ èdè tí a ń lò, ẹlòmíràn sì ń ka iye ìgbà tí olùsọ̀rọ̀ sọ pé "ẹ̀ẹ́ẹ̀" tàbí "ìyẹn ni pé" nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó dára jù láti kọ́kọ́ gbé lé ẹni tuntun lọ́wọ́, nítorí kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi dìde jábọ̀, yóò sì ti dúró níwájú ènìyàn kí ó tó mọ̀.

Àgbéyẹ̀wò ni ọkàn ìpàdé. Olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò dìde lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò fi ìṣẹ́jú 2 sí 3 sọ ohun tí ó rí. Níbí ni ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ti máa ń kọsẹ̀, nítorí ó ṣòro láti tọ́ka sí àléébù ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìsinmi rẹ. Bí ẹ̀rù bá ti wọ inú rẹ̀, ohun tí a ó máa gbọ́ ni "Ọ̀rọ̀ yín dùn púpọ̀, ẹ kú iṣẹ́ sà", kò sì sí ohun tí olùsọ̀rọ̀ rí mú lọ ilé. Àgbéyẹ̀wò tí ó níláárí dá lórí ohun tí gbogbo ènìyàn rí tí wọ́n sì gbọ́. Fún àpẹẹrẹ, ọmọ ẹ̀ka ìṣirò owó lè sọ fún olórí ẹ̀ka kan pé: "Ìtàn oníbàárà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gbá wa lọ́kàn mú. Nígbà tí ẹ dé orí iye owó tí ẹ ń béèrè fún, ẹ tẹjú mọ́ ìwé, ohùn yín sì lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún máa sọ ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wò wá lójú, kí ẹ sì dárúkọ owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Kò bú ọ̀gá rẹ̀, kò sì pọ́n ọn lé ju bí ó ti yẹ lọ. Olórí ẹ̀ka náà mọ ohun tí yóò tún ṣe, àwọn yòókù sì ti rí bí a ṣe ń sọ òótọ́ fún àgbà láìtàbùkù rẹ̀, èyí tí yóò wúlò fún wọn nínú gbogbo ìpàdé iṣẹ́. Kí àgbéyẹ̀wò náà má baà di ìdájọ́, ẹlòmíràn tún wà tí yóò gbé àwọn tí wọ́n ṣe àgbéyẹ̀wò náà yẹ̀ wò.

Owó ẹgbẹ́ tí ó ń lọ sọ́dọ̀ àjọ àgbáyé ni a ń san lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó sanwó kò sì gbọdọ̀ dín ní 8 kí ẹgbẹ́ má baà pàdánù ipò rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san gbogbo rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn, àwọn kan ń san ìdajì. Ó sàn kí òṣìṣẹ́ fi díẹ̀ kún un, nítorí orúkọ tí kò ná olórúkọ ní kọ́bọ̀ lè wà nínú ìwé fún ọdún kan gbáko láìsí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ nílò jù lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni ààyè: gbọ̀ngàn kan àti wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ìpàdé mìíràn gbà.

Nítorí náà, àjọ̀dún tí a bá ṣètò dáadáa kì í pa ìlànà ìpàdé tì. Ọ̀gá àgbà yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkíni, iná aṣọ́-àkókò yóò sì wà níwájú rẹ̀. A ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn padà wá, kì í ṣe láti jókòó nìkan, bí kò ṣe láti ṣe alága, láti ṣọ́ àkókò àti láti ṣe àgbéyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó gba ipò iwájú ni ti ẹni tuntun tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìfira-ẹni-hàn rẹ̀, èyí tí ó máa ń gba ìṣẹ́jú 4 sí 6, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí àlejò tí ẹ̀rù ń bà mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó ń wò lókè ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ènìyàn tó túká, igbákejì ààrẹ fún ètò ẹ̀kọ́ yóò gbé ìwé ìpàdé tí ó ń bọ̀ yípo, kí àwọn tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣọ́ àkókò tàbí ka "ẹ̀ẹ́ẹ̀" lè kọ orúkọ wọn sí i, àwọn àlejò pẹ̀lú.