Ọta Tí Ọwọ́ Ẹni Dà

Ẹni tó bá ti rí apẹja lápá Ẹjìnrìn níbi tó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ti rí ìdajì iṣẹ́ tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ yìí. Yóò ṣa òjé inú bátìrì tó ti kú sínú agolo, yóò gbé e ka iná igi. Kí ẹ tó jẹ iṣu sísun kan tán, ohun tó dúdú bí òkúta ti di omi tó ń dán bíi dígí. Yóò dà á sínú ihò róbótó tó ti gbẹ́ sára amọ̀. Bó bá tutù, ó di ẹyin kéékèèké tí yóò máa fa etí àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ odò. Àbúrò bàbá mi ṣe é lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá, torí bí ẹ̀kán omi kan bá bọ́ sábẹ́ òjé yíyọ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni omi náà yóò di ooru, yóò sì ta òjé gbígbóná sí ojú ẹni tó bá wà nítòsí.

Ẹ fi ọta ìbọn rọ́pò ẹyin àwọ̀n yẹn, ẹ ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, awakọ̀, dókítà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń jókòó sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé, wọn a yọ́ òjé, wọn a da ọta, wọn a sì tún fi kún kòròfo kátíríjì tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀. Fàájì ni wọ́n ń fi ṣe. Mo wádìí ibi tí irú fàájì bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, mo sì rí i pé ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa tó bí mo ṣe rò.

Ìwà òjé fúnra rẹ̀ ló bí i. Irin kì í yọ́ àfi bí iná bá gbóná dé 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òjé kò kọjá 327. Irin ń fẹ́ àgbẹ̀dẹ, ẹwìrì àti ọmọṣẹ́ tí yóò máa fínná. Òjé kò fẹ́ ju ààrò ìyá ẹni lọ. Bẹ́ẹ̀ ló tún wúwo: ó fi ohun tó lé ní ìlọ́po 11 wúwo ju omi lọ, irin kò sì tó ìlọ́po 8. Ohun tó kéré tó sì wúwo máa ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìtètè rẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù mọ èyí kí ìbọn tó dáyé rárá. Wọ́n ń da òjé sínú móòdù fún kànnàkànnà, wọ́n a sì máa kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Lára àwọn tí wọ́n wú jáde nílẹ̀, a rí èyí tí wọ́n kọ "gbà á" sí. Ẹ̀fẹ̀ ọmọ ogun ti pẹ́ láyé.

Nígbà tí ìbọn wá dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọ́, kò sì sí méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́. Nítorí náà ẹni tó bá ra ìbọn a ra móòdù tirẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹni ra kọ́kọ́rọ́ mọ́ àgádágodo. Àpá ìgbà yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn ọdẹ wa. Ẹ bi ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó léèrè irú kátíríjì tó ń lò, yóò ní 12 ni. Èwo ni 12? Ẹ mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, ẹ pín in dọ́gba sí ọta róbótó 12. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò bá ẹnu ìbọn yẹn mu. Tí ẹ bá pín in sí 20, ẹnu ìbọn á kéré sí i. Ọdẹ tí kò da òjé rí láyé rẹ̀ ṣì ń ka iye ọta tó wà nínú pọ́n-ùn òjé kan.

Iṣẹ́ ilé ni dída ọta nígbà náà, tobìnrin tọmọdé ló ń ṣe é. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1776, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti gba òmìnira. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, àwọn ará New York wó ère Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀. Òjé ni ère náà, wúrà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Litchfield ní Connecticut, sí ilé Oliver Wolcott, níbi tí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ti yọ́ ọba yìí, tí wọ́n sì da ọta 42,088 jáde lára rẹ̀. A mọ iye yẹn nítorí pé wọ́n kọ iye tí oníkálukú dà sílẹ̀. Wọ́n dá kábíyèsí padà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwa Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, kì í ṣe àlejò ohun yíyọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀gbà idẹ ra ẹrú àti eyín erin níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìda àti amọ̀ rọ edan Òṣùgbó mọ bí a ṣe ń da idẹ sínú móòdù, idẹ sì le yọ́ ju òjé lọ fíìfíì. Ìbọn pàápàá kò pẹ́ dé ọwọ́ wa, torí etí ọ̀sà la wà, ọwọ́ wa ni ọjà ti ń kọjá lọ sókè. Nígbà ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ìbọn ni Ìjẹ̀bú gbé lọ nígbà tí àwọn Òwu gbára lé idà.

Kí wá ni wọ́n ń kì sínú ìbọn náà? Irin ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Alágbẹ̀dẹ a gé ọ̀pá irin sí wẹ́wẹ́, a lù ú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí róbótó. Kò sí òjé nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Apá Ebonyi àti Zamfara ni ti Nàìjíríà wà. Èyí tó bá gba ojú òkun wọlé, owó la fi ń rà á, àwọn olóòṣà sì ti ní ìlò tiwọn fún un, nítorí ẹ̀gbà òjé ni ọmọ Ọbàtálá ń wọ̀. Nínú òwe wa pàápàá, ọrùn ọwọ́ ni òjé wà, kò sí lẹ́nu ìbọn: òjé ti bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Ọta irin ń họ inú ìbọn, kò sì bá ẹnu rẹ̀ mu dáadáa, nítorí náà agbára ẹ̀tù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ṣakabùlà dún bí ààrá kó má sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí mo rò pé a kì í sọ tó: ìlú tó bá ní àgbẹ̀dẹ, ọta kò lè tán níbẹ̀.

Ohun tó ba àǹfààní yìí jẹ́, òjé náà ló gbé e wá. Lọ́dún 1849, ọ̀gágun ará Faransé kan, Claude-Étienne Minié, gbé ọta òjé kan jáde tó ní ṣóńṣó lórí, tó sì ní kòtò nídìí. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ìdí náà a fẹ̀, a di inú ìbọn mú ṣinṣin, ìbọn a sì ta jìnnà láìṣìnà. Irin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó le jù. Kò pẹ́ sí i ni kátíríjì onídẹ dé. Nǹkan mẹ́rin ló pàdé nínú rẹ̀: kòròfo idẹ, práímà tó ń ṣáná, ẹ̀tù, àti ọta. Alágbẹ̀dẹ wa lè rọ ọta. Práímà ńkọ́? Ẹwìrì kankan kò lè fẹ́ ìyẹn jáde. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn Snider oníkátíríjì lọ́dún 1866, irú rẹ̀ sì wọ ogun Kírìjì níhìn-ín kó tó parí. Nígbà tó fi máa di 19 oṣù Karùn-ún 1892, tí Ìjẹ̀bú kojú Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọn, Maxim ni àwọn ará ibẹ̀yẹn gbé dání, ìbọn tó lè yin ọta 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ṣírò iye ọjọ́ tí àgbẹ̀dẹ kan yóò fi lu ọta 600.

Ní àkókò yẹn gan-an ni dída ọta ń di fàájì ní òkèèrè. Àwọn ọdẹ ẹfọ̀n Amẹ́ríkà, tí ṣọ́ọ̀bù jìnnà sí, ti ń fi ọwọ́ ara wọn kún kòròfo kátíríjì nínú àgọ́, nítorí idẹ ló wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣe é lò léraléra. Lọ́dún 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní Connecticut, ó ń ta irinṣẹ́ tó jọ ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí móòdù wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Lyman ra Ideal lọ́dún 1925, ó sì ń ta móòdù títí dòní.

Ọdún 1884 yẹn náà ni Paul Vieille ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín ní Faransé. Ẹ̀tù yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí òjé lásán ń bó sára inú ìbọn. Eduard Rubin, ará Switzerland, ti fi bàbà wọ ọta láṣọ ní 1882, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí móòdù ilé kú níbẹ̀. Kò kú. Àwọn aládàáṣe fi ife bàbà kékeré wọ ọta nídìí, wọ́n fi ìda àti ọ̀rá pa á lára, wọ́n sì po nǹkan mìíràn mọ́ òjé kó lè le. Elmer Keith, darandaran ará Idaho, fi ọta tí ọwọ́ rẹ̀ dà dán agbára ìbọn ìléwọ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbìyànjú rẹ̀ wà lára ohun tó bí .44 Magnum, kátíríjì alágbára fún ìbọn ìléwọ́, ní ìparí 1955. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gba ọta lọ sójú ogun, ọjà gbẹ, àwọn ọdẹ sì padà sídìí ìkòkò òjé.

Àpòpọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn ni òjé ìdá 90 nínú 100, tánganran (tin) 5, àti antimony, ohun kan tó jọ irin, 5. Tánganran ń jẹ́ kó ṣàn kúnnú móòdù, antimony ń jẹ́ kó le. Wọ́n a ju ìda tàbí ègé àbẹ́là sínú rẹ̀, wọ́n a rò ó, wọ́n a sì fi ṣíbí bu ìdàrọ́ kúrò lójú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé vọkanáísà ni wọ́n ti ń rí òjé ọ̀fẹ́, lára ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń so mọ́ rímù kí táyà má baà gbọ̀n. Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ń rí èyí tó le. Lẹ́tà òjé yẹn ló kọ́kọ́ tẹ èdè Yorùbá síwèé, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó sì ṣe é yọ́ di ABD ló ṣe é yọ́ di ọta.

Níhìn-ín, fàájì yìí kò lè rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó ti wà láti 1959, fi ṣíṣe ìbọn àti ọta sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba. Kódà ṣakabùlà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Bí ọdẹ bá yin kátíríjì tán, ó ju kòròfo rẹ̀ sígbó nìyẹn.

Òjé tí kò sí nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ ti wá pọ̀ báyìí. Ní Ògíjó, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ ti ń fọ́n eruku òjé sórí ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀. Ọmọdé ló ń pa lára jù, ọpọlọ ló ń bá jà. Àwọn tó ń da ọta lókèèrè náà mọ̀: ìta gbangba ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í jẹun nídìí iṣẹ́, wọ́n ń fọwọ́ dáadáa, ìkòkò òjé kì í sì í padà sí ilé ìdáná mọ́ láéláé.

Àbúrò bàbá mi ti fi odò sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo rí agolo náà, ìdí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun ni ìyàwó wọn fi ń bu gaàrí nínú àpò. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé e jù, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Agolo tó ti bọ́ ẹ látilẹ̀?" Mo ra òmíràn fún wọn kí n tó padà. Wọ́n ń lo méjèèjì.