Bí Òjò Òkè-Ògùn Ṣe Ń Di Ẹ̀kún Omi ní Abẹ́òkúta

Òjò tí ó bá rọ̀ ní agbègbè Ṣakí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í tán síbẹ̀. Odò Ògùn, odò Yemọja, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọ̀, odò yìí sì ń gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn, kọjá kí ó tó dé ọ̀sà Èkó. Orúkọ agbègbè náà gan-an, Òkè-Ògùn, ti fi hàn pé òkè odò ni. Òjò Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ ń bá Odò Ọ̀bà lọ sínú Ọ̀ṣun.

Àpáta ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Òkè-Ògùn, erùpẹ̀ tí ó bò ó kò sì nípọn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwọ̀nba omi ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fà mu, ìyókù a sì di àgbàrá tí ń wọ́ lọ sínú àwọn odò bíi Òfìkì, tí àwọn náà ń ṣàn wọ Ògùn. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ a kọ́kọ́ mu tirẹ̀ yó, odò kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n tí ó bá di oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mu omi títí kò lè mu mọ́, nítorí náà òjò kan náà tí kò mú odò kún ní oṣù kẹrin lè mú un bo bèbè rẹ̀. Àpáta yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí omi pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí yóò máa sun sínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìyanrìn àti òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ń yọ síta.

Dáàmù ni a fi ń tọ́jú omi ìgbà òjò de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan wà lórí Ògùn fúnra rẹ̀ nítòsí Ìsẹ́yìn. Òmíràn, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lórí Odò Ọ̀yàn, tí ó ń wọ Ògùn kí Ògùn tó dé Abẹ́òkúta, omi rẹ̀ ni Abẹ́òkúta àti Èkó sì ń rí mu. Bí dáàmù bá ti kún kí òjò tó dáwọ́ dúró, dandan ni kí wọ́n ṣí i, nítorí náà odò lè ga ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́ kedere.

Igi tí wọ́n ń gé fún èédú ní Òkè-Ògùn kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Níbi tí igi bá ti tán, àgbàrá a yára, a kó erùpẹ̀ dání, erùpẹ̀ náà a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ dáàmù, ibi tí ó yẹ kí omi wà.