Owó ibodè Kútọnu kò sọ tòmátì agolo di ọmọ CEDEAO

Ní ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta tòmátì agolo títí ó fi sú mi: "Wọ́n ti gba owó ibodè lórí ẹrù yìí ní Kútọnu. Bẹ́nìn àti Nàìjíríà, CEDEAO kan náà ni. Ta ló tún máa bi mí ní nǹkan kan ní Ìgòlò?" CEDEAO ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ìgòlò sì ni ẹnubodè wa sí Nàìjíríà. Tàńtí mi kan tilẹ̀ fẹ́ kó owó àjọ rẹ̀ lé e lórí lọ́dún tó kọjá. Igba páálí ló fẹ́ rà, kó gbé e gba Ìgòlò kọjá sí Ìdìrókò ní Nàìjíríà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn lóru.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Àwa tí à ń gbé láàárín Àjàṣẹ́, Ìpòbẹ́ àti Kétu, òdìkejì ààlà ni ọ̀pọ̀ ẹbí wa wà. À ń lọ síbi òkú, à ń lọ síbi ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni kì í béèrè físà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní 1979 ló fún wa láyè yẹn, pé kí èèyàn lo 90 ọjọ́ nílùú ara wọn láìgba físà. Ṣùgbọ́n èèyàn ni àdéhùn yẹn wà fún. Ẹrù ní ìwé tirẹ̀.

Ètò tó yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà láàárín wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ní 1979. Ní 1990 ni wọ́n fi ọjà ilé-iṣẹ́ kún un. Ètò náà kì í bi ẹrù pé ta ló ti gbowó lórí rẹ̀. Ohun tó ń bi í ni pé, níbo ni wọ́n bí ọ sí? Ọjà tó ti ilé-iṣẹ́ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a fi èròjà ilẹ̀ wa ṣe, tàbí kí iṣẹ́ tí a ṣe lórí rẹ̀ níbí pọ̀ débi pé nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé aṣọ́bodè yí padà, tàbí kí iṣẹ́ náà fi ó kéré tán 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Tòmátì agolo tó ti Ṣáínà tàbí Ítálì wá, iye yòówù ká san ní Kútọnu, ibi tí wọ́n bí i sí kò lè yí padà.

Ẹlòmíràn á ní òun máa ra èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, kí òun wá rọ ọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké níbí, yóò sì di ọjà Bẹ́nìn. Ìlànà CEDEAO dárúkọ irú iṣẹ́ yẹn gan-an: dídi nǹkan sínú ìgò, sínú àpò, sínú páálí, lílẹ àmì mọ́ ọn lára. Wọ́n ní kò tó láti sọ ọjà di ọmọ CEDEAO.

Èyí tó ń tan àwọn tó mọ̀wé pàápàá ni TEC, owó ibodè kan náà tí CEDEAO fi lélẹ̀ fún gbogbo wa lórí ẹrù òkèèrè láti 1 Oṣù Kìíní 2015. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ "kan náà" á rò pé àpò kan ni owó ọ̀hún ń wọ̀. Rárá o. Iye tí a ń gbà ló bára mu. Àpò kálukú wà lọ́tọ̀. Owó tí ẹ san ní Kútọnu ti wọ àpò ìjọba Bẹ́nìn, Àbújá kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí páálí yẹn bá dé Ìdìrókò, ẹrù Ṣáínà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni lójú aṣọ́bodè. Ní Yúróòpù, ẹrù tó bá ti sanwó ní Faransé lè wọ Jámánì láìtún san òmíràn. Àwa kò tíì débẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní tàńtí gbà láti sanwó lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 2017, ìjọba Nàìjíríà kéde ètò lórí tòmátì. Tòmátì kíki tí wọ́n ti dì sínú agolo tàbí ọ̀rá fún títà ní ìsọ̀ di èèwọ̀ láti kó wọlé, ó sì wà nínú ìwé ọjà èèwọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù fún ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, àmọ́ wọ́n gbé owó rẹ̀ láti 5 dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lé 1,500 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní èbúté òkun nìkan ni kó gbà wọlé. Ìgòlò kì í ṣe èbúté. Àgbẹ̀ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò, n kò sì lè bá wọn jà sí i. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn obìnrin wa tó ń fi owó àjọ ra ohun tí aṣọ́bodè máa gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà.

"Ṣebí ẹnubodè ti ṣí?" Bẹ́ẹ̀ ni. Nàìjíríà tì í ní Oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i ní Oṣù Kejìlá 2020, ó kan Ìdìrókò ní Oṣù Kẹrin 2022. Ìlẹ̀kùn ló ṣí. Tòmátì agolo ṣì wà nínú ìwé èèwọ̀.

Bó bá jẹ́ Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ lẹ ti fẹ́ tà á, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn wo ara agolo dáadáa. Lójú Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, tòmátì kíki gbọ́dọ̀ ní tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ti ara tòmátì wá lẹ́yìn omi. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, owó rẹ̀ sì yẹ kó wálẹ̀.

Tàńtí wá bi mí pé tòmátì tútù tí wọ́n gbìn níbí ńkọ́. Mo ní ìyẹn, irè oko wa ni, kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá, àfi ìwé ìlera ohun ọ̀gbìn. Ó ra ọgbọ̀n páálí tòmátì agolo péré, ó ń tà á ní Wàǹdó. Ìyókù owó náà ti padà sínú àjọ.