Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe Kí Àkókò Rẹ̀ Má Bàa Yẹ̀ Nínú Drag Racing

Nínú drag racing, ọkọ̀ méjì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sì já lọ tààrà lórí títì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin máìlì, ìyẹn 1,320 ẹsẹ̀ bàtà, tàbí ìdajì rẹ̀ ní àwọn pápá kéékèèké. Láàárín àwọn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣe, ọkọ̀ tó bá yára jù ló ń borí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi owó ara wọn sáré lópin ọ̀sẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bracket racing ni wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ sì ni mọ́tò tó ti gbó ti lè na èyí tó fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yára jù ú lọ. NHRA (National Hot Rod Association), ẹgbẹ́ drag racing tí Wally Parks dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ní ìdíje fún wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà.

Kí wọ́n tó sáré, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ àkókò tó gbà pé ọkọ̀ òun máa lò sára gíláàsì, pólíìṣì bàtà funfun ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ ọ́. Dial-in ni wọ́n ń pè é. Ká ní ọ̀kan kọ 14.20, èkejì kọ 11.80. Iná ọkọ̀ àkọ́kọ́ á fi ìṣẹ́jú àáyá 2.40 ṣáájú tàn. Bí àwọn méjèèjì bá gbéra bákan náà, tí wọ́n sì sáré bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n á jọ kan ìlà ìparí ni. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré sí ohun tó kọ ti breakout nìyẹn, ó ti pàdánù. Bí àwọn méjèèjì bá breakout, ẹni tí tirẹ̀ fi díẹ̀ kéré ló borí. Iná pupa sì ń bẹ fún ẹni tó bá kánjú gbéra.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Awakọ̀ 14.20 gbéra ní 0.060 lẹ́yìn iná, ó sì lo 14.22, ìyẹn ni pé ó fi 0.02 kọjá ohun tó kọ; bí a bá pa méjèèjì pọ̀, àléébù rẹ̀ jẹ́ 0.080. Èkejì gbéra ní 0.030, ó lo 11.84; tirẹ̀ jẹ́ 0.070. Èkejì ló borí, ohun tó sì wà láàárín wọn níbi ìlà ò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìdí nìyẹn tó fi ń dunni bí èèyàn bá ń kó gbogbo owó rẹ̀ lé agbára ẹ́ńjìnì lórí, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo 13.6 láàárọ̀, tó ń lo 13.9 lọ́sàn-án. Agbára kò lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là. Ohun tó nílò ni kí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ padà sí ipò kan náà kí wọ́n tó tún gbé e débi iná.

Lẹ́yìn ìsáré kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún awakọ̀ ní ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ àkókò rẹ̀ sí: bó ṣe tètè gbéra sí, ìgbà tó dé 60 ẹsẹ̀ bàtà, 330, 660, 1,000, títí dé òpin. Ẹni tó bá mọ ìwé yẹn í kà, 60 ẹsẹ̀ bàtà ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ọkọ̀ bá fi 0.01 pẹ́ níbẹ̀, ó sábà máa ń di bí 0.015 sí 0.02 kó tó dé òpin, nítorí pé ọkọ̀ tó lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa gbé ìlọ́ra náà lọ ni. Bí 60 ẹsẹ̀ bàtà bá ń yẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ tún ṣe lára kabúrétọ̀ tó máa mú un dúró. Táyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Táyà nílò ooru kó tó lè di títì mú, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń yí i lójú kan títí èéfín á fi rú. Èéfín yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ẹni tó bá fẹ́ kí àkókò òun dúró á máa lo jíà kan náà, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí níwọ̀n kan náà, á sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà nígbà gbogbo. Wọ́n máa ń da omi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yí táyà lójú kan; táyà tí ojú rẹ̀ dán ni wọ́n ń gbé gba inú omi náà. Ẹni tó bá lo táyà ojú títì lásán, tó ní ojú fífín, kó yà fún omi náà, torí ojú fífín yẹn á gbé omi dé ibi tí wọ́n ti ń gbéra, ọkọ̀ á sì yọ̀. Ní ti afẹ́fẹ́ inú táyà, ìdajì psi pàápàá lè yí nǹkan padà. Orí ìlà, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kàn wọ́n, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí bí oòrùn bá ń pa ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn á ga ju ti ìkejì lọ.

Lẹ́yìn táyà ni ooru ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì tí omi rẹ̀ wà ní 160 Fahrenheit kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà ní 195. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ ni ohun tó ṣe pàtàkì. Kí wọ́n mú iye kan, kí wọ́n sì máa fi ibẹ̀ gbéra títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọ̀pọ̀ máa ń fi páǹpù omi àti fáànù oníná sínú ọkọ̀ kí wọ́n lè tù ú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnì. Èyí wúlò gan-an bí ọjọ́ bá ń lọ. Bí ọkọ̀ 64 bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á di 32, wọ́n á di 16, àyè ìsinmi tó wà láàárín ìsáré kan sí èkejì á sì máa dín kù. Ìgbà tí owó ẹ̀bùn bá sún mọ́ jù ni ọkọ̀ máa ń gbóná jù. Epo inú jíà náà ń gbóná, bó bá sì ti gbóná, bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra á yí padà.

Afẹ́fẹ́ ojú ọjọ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnì ń fi ọ́síjìn jó epo. Bí ooru bá mú, tí ọ̀rinrin pọ̀, tàbí tí ilẹ̀ bá ga, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á dín kù, ọkọ̀ á sì lọ́ra. Ní Bandimere Speedway lẹ́bàá Denver, tó ga tó nǹkan bí 5,800 ẹsẹ̀ bàtà sí òkun, tí wọ́n sì tì lẹ́yìn ìdíje ọdún 2023, gbogbo ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì, ló mọ̀ ọ́n lára. Àwọn awakọ̀ máa ń kó ooru, ọ̀rinrin àti agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ pọ̀ di iye kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní density altitude, wọ́n á sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tí ọkọ̀ lò. Tí ọkọ̀ bá ti sáré dáadáa ní oríṣiríṣi ojú ọjọ́, ìwé yẹn á sọ iye tí àkókò rẹ̀ fi ń yí padà bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí.

Kí ìyípadà náà má bàa pọ̀, wọn kì í tún ẹ́ńjìnì ṣe dé góńgó. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n fún ní epo tí kò pọ̀ tó, tí wọ́n sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tètè máa ta iná jù, lè mú agbára wá láàárọ̀ tútù kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gọ́gọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n á fi epo kún un díẹ̀, wọ́n á sì gbé iná púlọ́ọ̀gì síbi tí yíyí i díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn kò ti ní pa àkókò lára. Nídìí èyí, kabúrétọ̀ ṣì ní ọ̀rẹ́ púpọ̀: kì í fúnra rẹ̀ pinnu ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ìgbàlódé lè rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbóná, kó sì dín agbára kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni jíà. Powerglide ti General Motors, tó jẹ́ jíà méjì péré tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣì gbajúmọ̀ láàárín wọn nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn máa yí jíà kó tó dé òpin. Iná kékeré kan níwájú awakọ̀ á tàn nígbà tí ó yẹ kó yí i. Ìwọ̀n ọkọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: nǹkan bí 100 pọ́ùn lè mú ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá wá tàbí kó gbé e lọ, nítorí náà kí epo inú táǹkì má kúrò lójú ìlà kan, kí ẹnikẹ́ni má sì gbàgbé irinṣẹ́ sínú búùtù.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, awakọ̀ ló kù. Iná ìyeyè mẹ́ta ló ń tàn tẹ̀ léra, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín wọn, kí iná aláwọ̀ ewéko tó tàn. Ìyeyè ìkẹta ni wọ́n fi ń gbéra, torí ẹni tó bá dúró de ewéko ti pẹ́. Ibi tí táyà iwájú dúró sí náà ṣe pàtàkì. Táyà yìí ló ń dí ìtànṣán iná kan lójú ọ̀nà, ìgbà tó bá kúrò níbẹ̀ ni aago ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rọra wọ̀ ọ́ díẹ̀ ṣì ní àyè láti gba eré kí aago tó ká a: àkókò ọkọ̀ rẹ̀ á dára, àmọ́ á dà bíi pé ó pẹ́ kó tó gbéra. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jinlẹ̀, òdìkejì ni. Ẹni tó bá ń rí iná pupa léraléra lè dín afẹ́fẹ́ táyà iwájú kù díẹ̀, kí táyà náà lè pẹ́ sí i nínú ìtànṣán. Ẹni tó ń pẹ́ gbéra lè fi kún un. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá ṣe, kó tún sáré ìdánrawò kó tó kọ dial-in tuntun, nítorí iye 60 ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ náà ti yí padà.