Château Gaillard: Odi Tí Richard Mọ Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Àlàpà odi kan wà lórí òkè ẹfun nílùú Les Andelys, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, tí odò Seine ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Richard Ọlọ́kàn-Kìnnìún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1196. Òun náà ló ni Normandy, ẹkùn tí Les Andelys wà, nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìgbà tó wà ní àhámọ́ ní Jámánì, Philip ọba Faransé ti gba Gisors, ìlú olódi kan ní ààlà Normandy, mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Philip bá tún ráyè gba etí Seine, Rouen tí í ṣe olú ìlú Normandy ti bọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Richard. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Rouen ló ni ín, àdéhùn tí àwọn ọba méjèèjì sì ṣe lọ́dún yẹn gan-an ní kí ẹnikẹ́ni má mọ odi síbẹ̀. Richard kọ etí ikún. Ni bíṣọ́ọ̀bù bá ní kí wọ́n dáwọ́ ìsìn dúró káàkiri Normandy; òkú wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sin ín. Ẹjọ́ dé iwájú póòpù ní Róòmù kí Richard tó fi èbúté Dieppe àti ilẹ̀ mìíràn dí i fún un.

Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì jẹ nǹkan bíi £12,000. Gbogbo owó tó ná sórí odi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jálẹ̀ ìjọba rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọfà pa Richard lọ́dún 1199, John àbúrò rẹ̀ sì jọba. Lọ́dún 1203, Philip kó ogun ti odi náà. Àwọn ará ìlú ti sá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Roger de Lacy tó ń ṣọ́ ọ lé wọn síta kí oúnjẹ má baà tán. Àwọn ọmọ ogun Philip jẹ́ kí àwọn tó kọ́kọ́ jáde kọjá. Àwọn tó kù, wọ́n dá wọn padà. Lacy náà kò ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́. Àárín ogun méjèèjì ni ọ̀pọ̀ kú sí, nínú òtútù àti ebi.

Ilé kan tí John kọ́ kún odi náà, tí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wà nínú rẹ̀, ló tú àṣírí rẹ̀. Wọn ò fi irin dí fèrèsé rẹ̀. Ògiri lanu, aláǹgbá wọlé: àwọn ọmọ ogun Philip gba ibẹ̀ gun òkè. Àwọn tó wà nínú odi dáná sun ilé náà láti lé wọn, èéfín rẹ̀ ló sì lé àwọn fúnra wọn sẹ́yìn. Lójú tèmi, John jẹ̀bi ju Lacy lọ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1204, odi bọ́; Rouen tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà.

Ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń lọ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tún ja ogun ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún, títí Faransé fi gbà á pátápátá lọ́dún 1449. Ọba Henri Kẹrin ló pàṣẹ lọ́dún 1599 pé kí wọ́n wó o, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, sì gbàṣẹ láti kó òkúta rẹ̀ lọ tún ilé wọn ṣe.