Abẹ́rẹ́ Kòrónà ò tó: báwo la ṣe tún da mílíọ̀nù kan nù?

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kó abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá lọ sí ààtàn Gosa l'Ábújá, wọ́n sì bà á jẹ́ pátápátá. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn èèyàn ti wá abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tì. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń bi wá bó ṣe jẹ́.

Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fi wọ́n?

Ojú kan la gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta 2021 ni ètò COVAX, tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, gbé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.9 abẹ́rẹ́ AstraZeneca wọ Abújá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ 5. Iléeṣẹ́ Serum Institute ní Íńdíà ló ṣe é. Kò pẹ́ sígbà náà tí àrùn yìí gbóná janjan ní Íńdíà fúnra rẹ̀, ni wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ tó yẹ kó jáde dúró fún àwọn ará ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹnì kan ní láti gbà á, nítorí náà àjọ NPHCDA, tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ tó bá ti lo ìdajì tirẹ̀ dáwọ́ dúró, kí àwọn tó ti gba ìkínní lè rí ìkejì gbà. Àwọn èèyàn bínú, àmọ́ ìpinnu tó dáa ni.

Báwo ló ṣe wá di èyí tó ń bàjẹ́ sílẹ̀?

Oṣù Kẹjọ ni ìṣàn rẹ̀ yí padà. Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 4 abẹ́rẹ́ Moderna ta wá lọ́rẹ, abẹ́rẹ́ Janssen (ti Johnson & Johnson) gba ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà wọlé, AstraZeneca tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ò lò mọ́ náà ń tẹ̀ lé e. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ọrẹ yìí ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilé ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba sọ pé àwọn ò ní gba irú ẹ̀ mọ́.

Ṣebí ẹ kàn lè yára gún un?

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí ọkọ̀ òfurufú bá já ẹrù sílẹ̀, NAFDAC á yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ilé òtútù àpapọ̀ l'Ábújá, á lọ sí ti ẹkùn, sí ti ìpínlẹ̀, sí ti ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ibi kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mílíọ̀nù kan wọlé, tí ọjọ́ 20 kù kó tó bàjẹ́. Ìyẹn ni 50,000 lójoojúmọ́. Bí ikọ̀ kan bá lè gún èèyàn 100 lóòjọ́, ikọ̀ 500 la nílò láti ọjọ́ kìíní, tí gbogbo wọn ti gba ẹ̀kọ́, tí síríǹjì, káàdì, àpótí abẹ́rẹ́ àlòkù àti owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹrù bá sì pẹ́ lọ́sẹ̀ kan kó tó kúrò l'Ábújá, ikọ̀ 500 di nǹkan bí 770.

Ṣé abẹ́rẹ́ kan náà kọ́ ni gbogbo wọn?

Rárá, ibí yìí sì ni iṣẹ́ ti le jù. AstraZeneca ń fẹ́ òtútù ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì 2 sí 8. Kò gbọdọ̀ dì, nítorí náà bí ẹ bá ń to yìnyín sínú kúlà, ẹ kọ́kọ́ fi í síta títí ẹ ó fi mì í tí ẹ ó gbọ́ omi tó ń ró nínú rẹ̀. Janssen jọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tó fi bá àwọn abúlé tó jìnnà mu. Moderna ń gbé inú fírísà, ó sì lè lo ọgbọ̀n ọjọ́ nínú fíríìjì lásán.

Pfizer ìgbà náà ló le jù lọ. Òtútù tó tó 60 sí 80 nísàlẹ̀ òdo ló ń fẹ́, fírísà tí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ò ní. Bí ó bá ti yọ́, oṣù kan ló ní nínú fíríìjì. Wọ́n ń fi omi oníyọ̀ 1.8 mílílítà là á, wọ́n á dojú ìgò dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá jẹ́jẹ́ (wọn kì í mì í), èèyàn 6 ni wọ́n á fi gún, 0.3 mílílítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé láti là á ti gún ẹnì kan ní èyí tó yẹ fún márùn-ún. Síríǹjì tó ń fi oje púpọ̀ sílẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́ kò sì ní jẹ́ kí ẹni kẹfà rí tirẹ̀ gbà.

Ìgò tí wọ́n ṣí ńkọ́?

Ìgò AstraZeneca kan wà fún èèyàn 10. Bí a bá ti ṣí i, wákàtí 6 ló kù. Bí èèyàn 4 péré bá wá, 6 ti ṣòfò. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rù òfò á ní kí ẹni kan ṣoṣo tó rin ọ̀nà jíjìn wá lọ, kó padà wá. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í padà. A gbà pé kí a ṣí ìgò fún ẹni tó wà níwájú wa sàn ju kí a dá a padà lọ.

Kí ló wá mú kí ètò náà gbòòrò?

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ bá èèyàn. Ìpolongo ńlá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2021: ọjà, gáréèjì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, yunifásítì. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ wá, tàbí èsì àyẹ̀wò Kòrónà tí kò ju wákàtí 72 lọ. Àwọn tó ti bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà mọ ilé dé ilé. Iṣẹ́ wọn wúlò gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so ó mọ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé, kí ìyá tó gbé ọmọ wá lè gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni kíkọ orúkọ sórí EMID, ètò orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí, ìwé ni wọ́n ń kọ, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àbájáde rẹ̀ ni pé Abújá lè máa rò pé abẹ́rẹ́ ṣì kún ìpínlẹ̀ kan tó ti tán níbẹ̀.

Ṣé ó dáa bí wọ́n ṣe dà á nù?

Ó dáa. Bí wọ́n bá fi pamọ́, ẹnì kan á kó o tà.

Ṣé ohunkóhun ti yí padà láti ìgbà náà?

Ẹ wo abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, wọn ò da gbogbo rẹ̀ sórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpínlẹ̀ 15 pẹ̀lú Abújá ló kọ́kọ́ gbà á, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Èkìtì dúró di oṣù Karùn-ún 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un, nítorí náà kò sí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ẹnikẹ́ni máa wá tì.