Kí Ẹ Tó Mú Àlùmọ́gàjí: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Bọ́ńsáì

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé irúgbìn wo ni à ń gbìn tí igi náà fi ń kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò sí irúgbìn bẹ́ẹ̀. Igi gidi ni, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó ń ga fíofío nínú igbó. Èdè Japáànù ni orúkọ bọ́ńsáì, ohun tí a gbìn sínú àwo ló sì túmọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àwo tí kò jìn, gbòǹgbò tí à ń gé àti ẹ̀ka tí à ń gé ló ń dá igi náà dúró. Bí ẹ bá gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹ kò sì gé e mọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Nítorí náà, ẹ má ra irúgbìn tí wọ́n kọ bọ́ńsáì sí lára. Ọdún 3 sí 5 lè kọjá kí ẹ tó rí ohun tí ẹ ó gé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́ igi tà, kí ẹ yan igi kékeré tí ìdí rẹ̀ ti nípọn. Ẹ fi ìka gbá iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo bí gbòǹgbò ṣe tàn ká. Ẹ̀ka lè tún hù, ṣùgbọ́n ìdí igi tí kò dára ṣòroó tún ṣe. Fún igi àkọ́kọ́, ficus ni mo máa ń sọ fún èèyàn, ìdílé igi ọ̀dán. Ó máa ń fara da àṣìṣe, ó sì lè gbé nínú ilé bí fèrèsé tó mọ́lẹ̀ dáadáa bá wà.

Júnípà, igi ilẹ̀ olótùútù kan, ni èmi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n gbé e sórí tábìlì nínú pálọ̀, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú. Ohun tó dùn mí jù ni pé ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí gbòǹgbò ti kú. Òkú ni mo ń bomi rin. Ìta gbangba ni júnípà ń gbé, nínú oòrùn àti atẹ́gùn. Ẹ bi ẹni tó ń tajà ní orúkọ igi náà gan-an, nítorí bọ́ńsáì kì í ṣe orúkọ igi, kò sì sọ ibi tó yẹ kó gbé.

Omi ni iṣẹ́ náà gan-an. Nínú àwọn igi tí wọ́n gbé wá bá mi pé kí n bá wọn wò, èyí tí omi pa pọ̀ ju èyí tí àrùn pa lọ: àwọn kan gbẹ, gbòǹgbò àwọn kan rà. Ẹ má dá ọjọ́ fún omi. Ẹni tó sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò mọ bí àwo yín ṣe tóbi tó, kò sì mọ bí oòrùn ṣe ń ràn níbẹ̀. Ẹ máa ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ lójoojúmọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jò láti ihò ìsàlẹ̀ àwo; ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Fífọ́n omi sí ewé kò dípò èyí. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ojú iyẹ̀pẹ̀, ẹ ṣí i kúrò lọ́jọ́ tí ẹ gbé igi náà délé, torí omi kì í ráyè wọlé.

Iyẹ̀pẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ oníhóró, bíi mìlímítà 2 sí 6, kí omi lè kọjá kí afẹ́fẹ́ sì dé gbòǹgbò.

Igi páìnì kan wà ní Washington tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọdún 1625. Ó wà nílé ìdílé Yamaki ní Hiroshima nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ sí ìlú náà ní 1945, ó yè é, wọ́n sì fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Bí mo bá ti rántí igi yìí, àwọn tó ń bomi rin ín láti ìran dé ìran ni mo máa ń rò.

Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí igi yín hù. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀mùnú ficus bá ti yọ ewé 6 sí 8, ẹ gé e kó ku méjì. Àwọn àgbà ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀ka tó ṣì rọ̀ ni wáyà lè tẹ̀. Ẹ lo wáyà alumíníọ́mù tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka, kí ẹ lọ́ ọ mọ́ ọn bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí bí ẹ̀ka bá sanra, wáyà yóò bù ú jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ gé e ní wẹ́wẹ́. Ẹ̀ka lè dá níbi tí ẹ ti ń tú u.

Ní bíi ọdún méjì-méjì, ẹ yọ igi náà, ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀, kí èyí tí ẹ ó gé kúrò má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí ẹ sì pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ má gé ẹ̀ka ńlá ní àsìkò kan náà. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì dúró bí oṣù kan kí ẹ tó fún un ní ajílẹ̀.